Wọ́n Kọ Orúkọ Ọmọ Wa sí Ẹgbẹ́ Kejì

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ti parí ìsìn ní Àrìgìdì Àkókó, tí àwọn ará ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọmọdé sì ń sá kiri lábẹ́ igi, bàbá kan nínú ìjọ fà wá sí apá kan. Ó ní kí a bá òun gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ kan. A ní kí ó sọ ọ́. Ó ní òun fẹ́ ta oko kajú òun tí ó wà lọ́nà Ẹ̀rúṣú. Ẹni tí yóò rà á ti wà nílẹ̀, owó nìkan ni ó kù kí òun gbà.

Ọ̀rọ̀ náà yà wá lẹ́nu, nítorí a mọ oko yìí. Owó kajú ni bàbá yìí fi rán àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ní ilé-ìwé. Owó kajú náà ni ó fi kan òrùlé ilé tí ó ń gbé. A kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Bàbá Olóko.

A bi í pé kí ni ó dé. Kò tètè dáhùn. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó sì fi àwòrán ìwé kan hàn wá. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ni ó kọ ìwé náà. Lápá òkè ni orúkọ àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àgbà lọ́dún yìí wà. Lápá ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tí yóò lọ sí ẹgbẹ́ kejì sí. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ ọmọ rẹ̀ wà.

"Wọ́n ti já ọmọ mi sílẹ̀," ni Bàbá Olóko wí. "Ọmọ tí gbogbo Ìkàrẹ́ ń pariwo orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n ní kó máa lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké ṣeré. Àwọn ènìyàn ti ń bi mí léèrè pé kí ni ó ṣe."

Ó ní ọkùnrin kan ti pe òun láti Èkó, pé aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ni òun. Ọkùnrin náà ní bí owó bá ti wọlé kí oṣù tó parí, òun yóò mú ọmọ náà lọ sí Yúróòpù, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń dúró dè é. Owó yìí ni wọ́n fẹ́ ta oko sí.

Ọmọ náà dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni. Ilẹ̀ ni ó ń wò. Kò sí ẹni tí ó bi í ní nǹkan kan, àwa pẹ̀lú kò bi í.

A kò sọ pé a kò ní gbàdúrà. Ṣùgbọ́n a bẹ Bàbá Olóko pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí ó tó fọwọ́ sí ìwé oko. Ohun tí a rí láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni a kọ sí ojú ewé yìí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Láti Ọ̀kà dé Òkèàgbè, kò sí pápá tí ẹ máa dé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kò ní bá ọmọ tí ilé rẹ̀ ti gbójú lé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí a wádìí ni ìtumọ̀ ẹgbẹ́ kejì. Ṣé àwọn tí a kọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ ni? Nínú gbogbo eré ìdárayá ayé, eré tí ó ti gbé ètò yìí jìnnà jù lọ ni béèsìbọ́ọ̀lù, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, níbi tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹnì kejì sì ń fi igi gbá a. Ẹ má ṣe bínú pé ọ̀nà wa jìn díẹ̀. A ó padà sí Àrìgìdì láìpẹ́. Ẹ tún gbọ́ ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín: orúkọ tí àwọn òyìnbó náà fún àwọn ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ wọn ni oko. Nígbà tí a sọ èyí fún Bàbá Olóko, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ṣe díẹ̀ tí a ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Branch Rickey ni ó dá oko yìí. Ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis ni ó ń darí láti nǹkan bí ọdún 1919. Ẹgbẹ́ náà kò lówó. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá mọ eré ṣe, àwọn ẹgbẹ́ olówó ni wọ́n ń rà á. Rickey wá rò ó pé, bí a kò bá lówó láti ra iṣu lọ́jà, kí a gbin tiwa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹgbẹ́ kéékèèké ní àwọn ìlú kéékèèké, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ síbẹ̀, wọ́n ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó bá gbó ni ó ń mú gòkè. Ní ọdún 1926, Cardinals gba ife àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, gbogbo àwọn tí ó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tirẹ̀. (Onígbàgbọ́ ni Rickey, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Nítorí ìlérí tí ó ṣe fún ìyá rẹ̀, kì í lọ sí pápá lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ẹnu ọ̀nà ọjọ́ Ìsinmi kò ṣàì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé.)

Lónìí, ẹgbẹ́ àgbà 30 ni ó wà nínú líìgì náà. Láti ọdún 2021, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹgbẹ́ oko mẹ́rin, tí ọ̀kan ga ju ìkejì lọ bí àkàbà. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 120. Lábẹ́ ìwọ̀nyí ni àwọn ibùdó wà fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ní Florida, ní Arizona àti ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic. Láti ọdún 2024, òfin gba ẹgbẹ́ kan láyè láti ní ọmọ 165 ní àwọn oko rẹ̀ tí ó wà nínú Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n lókè pátápátá, àyè 26 péré ni ó wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún iye méjèèjì yìí kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ìparí oṣù kẹta ọdọọdún ni àwọn olórí ẹgbẹ́ máa ń jókòó pín orúkọ. A rò pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù ni wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n ń fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá sísàlẹ̀. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ti wà lókè tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí ọmọ yìí mọ̀, bí wọ́n bá sì gbé e lọ síbẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni yóò máa jókòó. Ọmọ ọdún 18 tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún ọdún kan ti pàdánù ọdún kan. Wọ́n á ní kí ó lọ sísàlẹ̀ kí ó lè máa ṣeré lójoojúmọ́. Nígbà mìíràn, ògbóǹtarìgì tí ó farapa ni wọ́n ń rán padà sí oko fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kí ara rẹ̀ lè le. Kò sí ẹni tí ń fi í ṣẹ̀sín.

Jackie Robinson pàápàá gba ibẹ̀ kọjá. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ líìgì àgbà láti ọ̀rúndún 19. Nígbà tí Rickey, tí ó ti wà ní ẹgbẹ́ Dodgers ti Brooklyn nígbà náà, mú un, kò gbé e lọ sókè. Ó rán an lọ sí ẹgbẹ́ oko ní Montreal, ní Kánádà, ní ọdún 1946. Robinson ti pé ọmọ ọdún 27. Kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù tó o ní líìgì tí ẹgbẹ́ náà wà lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947 ni ó wọ pápá fún Brooklyn.

Michael Jordan náà ńkọ́, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1994, ó ní òun fẹ́ ṣe béèsìbọ́ọ̀lù. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí rẹ̀, ẹgbẹ́ oko kan ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí ó bá dúró láti gbá bọ́ọ̀lù, ìgbà méjì ni ó ń rí i gbá dáadáa. Kò gòkè. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó padà sídìí iṣẹ́ tí ó mọ̀.

Bàbá Olóko ní òyìnbó àti ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn, pé ṣé a kò rí ẹni tiwa. A rí i. Ọmọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Demi Orimoloye. Kò sí Yorùbá kan tí yóò gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní mọ̀ pé tiwa ni. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1997, àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Kánádà nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers yàn án ní ìpele kẹrin nínú yíyàn ọlọ́dọọdún wọn. Wọ́n rán an lọ sí ibùdó àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Arizona. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Helena, ó lọ sí Wisconsin, ó lọ sí Carolina. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, Milwaukee fẹ́ àgbà agbábọ́ọ̀lù kan tí ń jẹ́ Curtis Granderson láti ọ̀dọ̀ Toronto Blue Jays. Ọmọ wa yìí ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Nígbà tí ó di ọdún 2020, àìsàn kòrónà dé, wọn kò sì ṣe líìgì oko kankan lọ́dún náà. Ọdún márùn-ún rèé ní ẹsẹ̀ àkàbà, kò sì tíì kan òkè. Ọmọ tí wọ́n ti pè ní ẹni ọ̀la ni o.

Ẹlòmíràn ni Gift Ngoepe, ọmọ South Africa. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù kan ní Randburg, inú ilé ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì ń gbé, ẹ̀gbẹ́ pápá ni ọmọ náà ti dàgbà. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates fún un ní ìwé àdéhùn. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà náà. Ó lo ju ọdún mẹ́jọ lọ ní àwọn ẹgbẹ́ oko. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 2013, kò rí òpin rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n pè é gòkè, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí a bí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ṣeré ní líìgì àgbà náà. Bọ́ọ̀lù tí ó kọ́kọ́ dúró láti gbá, ó gbá a dáadáa.

Ibi tí àwọn oníròyìn máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn. Àwa kò ní parí rẹ̀ síbẹ̀, nítorí òtítọ́ ni a ṣèlérí fún Bàbá Olóko. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n tún dá Ngoepe padà sí oko. Àpapọ̀ eré tí ó ṣe lókè ní ọdún méjì jẹ́ 41. Ọdún mẹ́jọ ó lé nísàlẹ̀, eré 41 lókè. Ṣé ó pàdánù ni àbí ó jèrè? Ní ilé wa, a jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò sì fẹnu kò.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ oko yìí fi ń jìyà. Títí di ọdún 2022, owó tí ó kéré jù fún ẹni tí ó wà ní ẹsẹ̀ àkàbà ìsàlẹ̀ nínú mẹ́rin náà jẹ́ nǹkan bí 11,000 dọ́là lọ́dún. Lẹ́yìn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó di 26,200 dọ́là ní ọdún 2023. Ní ọdún kan náà, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lókè ń gba 720,000 dọ́là. Ẹ kò ní bá wa sọ pé ó dọ́gba.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ọmọ wa ń gbá. Kò jìnnà sí wa rárá. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Beyond Limits. Oko tiwọn nìyẹn. Ní ọdún 2025, Remo Stars gba ife líìgì àgbà Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Victor Osimhen, tí gbogbo ọmọ Àrìgìdì mọ̀, gbá góòlù 10 nínú ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile, ní ọdún 2015. Ó pé ọmọ ọdún 18 ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 2016. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni ó dé Wolfsburg ní Jámánì. A bẹ̀ yín, ẹ fi ọkàn sí àwọn ọjọ́ wọ̀nyí. Kì í ṣe àìlówó ni kò jẹ́ kí ó lọ ṣáájú. Òfin ni. Láti ọdún 2001 ni FIFA ti ṣe é ní òfin pé ẹgbẹ́ ilẹ̀ kan kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti ilẹ̀ mìíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ bí àwọn òbí bá ṣí lọ sí ilẹ̀ náà nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù.

Ní Wolfsburg, kò gbá góòlù kan ṣoṣo ní líìgì. Wọ́n wá yá a fún Charleroi, ní ilẹ̀ Belgium, líìgì tí ó kéré sí ti Jámánì. Ìsàlẹ̀ náà nìyẹn. Níbẹ̀ ni ó ti gbá góòlù 20 láàárín ọdún 2018 sí 2019. Lẹ́yìn náà ni Lille, lẹ́yìn náà ni Napoli, tí òun àti wọn jọ gba líìgì Ítálì ní ọdún 2023, ọdún kan náà tí wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, a lọ sí ilé Bàbá Olóko ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá ọmọ wà níbẹ̀. A sọ gbogbo èyí fún wọn, a sì dé orí ọ̀rọ̀ ọkùnrin Èkó náà. A ní, "Bàbá, ọmọ ọdún 17 ni ọmọ yín. Ẹgbẹ́ Yúróòpù wo ni ó ń dúró dè é, tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n gbà á?" A tún sọ fún un pé láti ọdún 2023, aṣojú gbọ́dọ̀ yege ìdánwò FIFA kí ó tó gba ìwé àṣẹ, àti pé ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì FIFA. A wá orúkọ ọkùnrin náà bí ó ti sọ ọ́. A kò rí i.

Bàbá Olóko dákẹ́. Ìyá ọmọ ni ó sọ̀rọ̀. "Mo ti ń sọ ọ́, Bàbá wọn. Owó tí ènìyàn kò rí ojú ẹni tó ń gbà á, owó kí nìyẹn?"

A kò sọ pé kí wọ́n jókòó tẹtẹrẹ, kí wọ́n fi gbogbo nǹkan lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kejì mìíràn wà tí kì í ṣe oko, ààtàn ni. A ní kí bàbá fúnra rẹ̀ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí ó bi í bóyá ọmọ náà yóò wọ pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ bí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, àti bóyá wọn yóò jẹ́ kí ó lọ ṣe ìdánwò WAEC rẹ̀, nítorí ẹ rántí 165 àti 26. Kí ó sì rí i pé wọ́n fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ nínú ìwé bí ó ti yẹ. Bí ọmọ bá ta sí ilẹ̀ òkèèrè lọ́jọ́ kan, òfin FIFA ní kí ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láàárín ọdún 12 sí 21 gba owó ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ tí ó mọ èyí kò ní fi ọmọ ṣòfò.

Nígbà náà ni a wá rántí pé kò tíì sí ẹni tí ó bi ọmọ náà léèrè. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. A ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ rí sí i?"

Ó wo bàbá rẹ̀ kí ó tó dáhùn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá pè mí kí wọ́n tó lẹ ìwé náà. Wọ́n ní atamátàsé méjì wà níwájú mi lókè. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ jókòó lókè ni, àbí kí n máa gbá a nísàlẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ mí sísàlẹ̀."

Gbogbo ilé parọ́rọ́. "O kò sì sọ fún mi," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ kò bi mí, Bàbá."

Bàbá Olóko kò tíì dá ọkùnrin tí ó fẹ́ ra oko lóhùn tán. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì ní ọwọ́ rẹ̀ nínú. Ará Èkó ṣì ń pe fóònù, ìyá ọmọ ni ó ń gbé e báyìí. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, ọmọ náà wọ ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó gbé bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀, gààrí ìyá rẹ̀ àti ìwé ìṣirò kan lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ bá a lọ, láti lọ bi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí fúnra rẹ̀.